Àṣá Tí Kò Ní Awakọ̀: Ìtàn Bàálù Amí Global Hawk

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1999, bàálù kan tí ẹnì kankan kò sí nínú rẹ̀ ń fò lọ́wọ́ lókè aṣálẹ̀ China Lake, ní ìpínlẹ̀ California. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, epo rẹ̀ kò tán, ọ̀tá kò sí nítòsí. Ṣàdédé ni ó dojú kọ ilẹ̀, ó já bọ́, ó sì fọ́ yángáyángá. Kámẹ́rà àti rédà tí ó gbé dání, odindi kan ṣoṣo tí ètò náà ní nígbà yẹn, bá a lọ. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé nǹkan kan kò ṣe bàálù yìí: àṣẹ ni ó pa mọ́. Ní pápá ìdánwò Nellis, ní ìpínlẹ̀ Nevada tí ó bá California pààlà, àwọn kan ń yẹ ẹ̀rọ rédíò wò, irú èyí tí a fi ń sọ fún bàálù tí ó bá ṣìnà pé kí ó pa ara rẹ̀ kí ó má baà já lé ènìyàn lórí. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀kan wà lójú ọ̀run tí etí rẹ̀ ṣí sí ìgbì kan náà. Ẹni tí ó bá ga tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń gbọ́ ìpè.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, èkejì rẹ̀ balẹ̀ ní ibùdó Edwards láìséwu, ó ku kí ó rọra yà kúrò lójú pápá. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìrìn tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, eré nọ́ọ̀tì 155 ni wọ́n kọ sí ibi yíyà yẹn, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 287 ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tẹ bíréèkì. Bàálù sá eré náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì já sínú iyanrìn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Eléyìí kò mọ fi-tọmọ-jẹ́. Bí a bá ṣe rán an ni ó ń jẹ́ ẹ.

Global Hawk ni wọ́n sọ ọ́, àṣá tí ń rá bàbà káàkiri ayé. Ẹni tí ó bá tọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ohun tí ọ̀tá fojú rẹ̀ rí kò tó ìdajì ohun tí àwọn olówó rẹ̀ fojú rẹ̀ rí, nítorí pé wọn kò yé yí ọkàn padà lórí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí wọ́n tó bí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1960, Soviet Union fi mísáìlì já U-2, bàálù amí Amẹ́ríkà, lulẹ̀ nítòsí Sverdlovsk. Amẹ́ríkà sáré sọ fún aráyé pé bàálù tí ń wádìí ojú ọjọ́ ni, ó ṣìnà ni. Khrushchev, olórí Soviet Union, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi hàn pé Francis Gary Powers, awakọ̀ rẹ̀, wà láàyè lọ́wọ́ òun, ó sì ti jẹ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, U-2 mìíràn bọ́ lókè Cuba, Rudolf Anderson tí ó wà á sì kú. Òkú awakọ̀ jẹ́ ọ̀fọ̀. Ní ti olóṣèlú, awakọ̀ tí ó wà láàyè lọ́wọ́ ọ̀tá tún le jù ú lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi ara wọn pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi ènìyàn sínú rẹ̀ ṣe.

Iléeṣẹ́ Ryan ní San Diego ní ìdáhùn kan nílẹ̀. Wọ́n ní bàálù kékeré kan, Firebee, tí àwọn ọmọ ogun fi ń kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn mọ́ ohun tí ń fò. Ohun tí a ṣe nítorí kí a lè yìn ín níbọn ni wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀. Láti 1964 sí 1975, ẹ̀yà rẹ̀ tí a mọ̀ sí Lightning Bug fò ju ìgbà 3,400 lọ nínú ogun Vietnam. Abẹ́ ìyẹ́ bàálù ńlá ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀. Bí ó bá ń padà bọ̀, yóò ṣí párásúùtì, hẹlikópítà yóò sì fi ìkọ́ gbá a mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Ohun ìyanu gidi ni, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́ lókè.

Lockheed tọ ọ̀nà mìíràn, wọ́n ṣe D-21, tí eré rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta eré ohùn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1966, D-21 kan forí sọ bàálù tí ó gbé e. Ray Torick, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó wà nínú bàálù náà, kú sínú òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n rán irú rẹ̀ lọ sí China láàrin 1969 àti 1971. Fọ́tò kan ṣoṣo kò délé. Boeing náà gbé Condor jáde ní 1988, tí fífẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ tó mítà 61, ó gòkè kọjá 67,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó lò ju ọjọ́ méjì lọ láìbalẹ̀, síbẹ̀ ológun kò rà á.

Nígbà tí ó di 1994, DARPA, ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà tí ń wá ohun tuntun, pè fún bàálù amí aláìlawakọ̀ tí yóò máa fò ní 60,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ibi tí ọ̀pọ̀ bàálù èrò ń rìn sí, fún odindi ọjọ́ kan. Wọ́n wá gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: ohunkóhun tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ kí ó yọ, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá ti ní ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Owó nìkan ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Ní 1995 ni Teledyne Ryan, àwọn ará Firebee àná, gba iṣẹ́ náà. Bàálù tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí ní àbúrò kan, DarkStar, tí wọ́n ṣe kí rédà ọ̀tá má lè rí i. Ìgbà kejì tí ó fò, ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, ni ó já, wọ́n sì pa ètò rẹ̀ tì ní 1999.

Global Hawk fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 1998, fún ìṣẹ́jú 56. Ìrísí rẹ̀ kò dá bíi ti bàálù ogun. Ìyẹ́ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ní mítà 35, orí rẹ̀ sì wú bí ẹni tí èébú ẹnìkan ń bí nínú. Kò sí ojú kankan nínú orí náà. Abọ́ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ Embraer ERJ-145, bàálù kékeré ará Brazil tí àwọn iléeṣẹ́ wa ní Nàìjíríà ń fi kó èrò, ẹ ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, nítorí ìdílé Rolls-Royce AE 3007 kan náà ni. Àwọn tí ń darí rẹ̀ láti ibùdó Beale ní California kì í di ọ̀pá ìdarí kankan mú. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà àti máòsì ni wọ́n ń tẹ̀: lọ síbí, gòkè dé ọ̀hún, wo èyí. Ìyókù dọwọ́ bàálù.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001 ó gbéra ní Edwards, ó sì balẹ̀ ní gúúsù Australia láìdúró lọ́nà, ìrìn tí ó ju kìlómítà 13,200 lọ. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ṣẹlẹ̀. Wọn kò tíì dán an wò tán tí wọ́n fi rán an lọ sí ogun Afghanistan ní oṣù Kọkànlá. Kí ọdún tó parí, ọ̀kan ti já. Ogun kì í jẹ́ kí ọmọ gbó kí ó tó rìn.

Ibi tí ìlọsíwájú ti di ìnira nìyí. Bí àwọn ọ̀gágun ṣe rí ohun tí ó lè ṣe, oníkálukú mú ẹrù tirẹ̀ wá. Ẹnìkan fẹ́ kámẹ́rà tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnìkan fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ́tí sí rédíò ọ̀tá, ẹlòmíràn fẹ́ rédà tí yóò máa tọ ipa ọkọ̀ tí ń rìn nílẹ̀. Ẹrù tí ó lè gbé kúrò ní nǹkan bíi kílò 900, ó di 1,360. Ìyẹ́ gbọdọ̀ gùn sí i, ó sì di nǹkan bíi mítà 40. Ẹsẹ̀ tí ó ń balẹ̀ lé gbọdọ̀ yí. Nígbà tí ẹ̀yà tuntun náà fò ní 2007, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bàálù mìíràn pátápátá ni wọ́n ṣe lábẹ́ orúkọ àtijọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó ní kí ológun wá wí tẹnu wọn níwájú ilé aṣòfin bí owó ohun ìjà bá ti fò kọjá ààlà. Global Hawk kọjá ààlà náà ní 2005, ó sì tún kọjá rẹ̀ ní 2011. Mílíọ̀nù 10 ọjọ́sí ti di ohun tí ó ju 100 lọ.

Ní 2012 ni ológun òfuurufú fúnra wọn wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́: U-2 tí wọ́n fẹ́ kí ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń ríran jù ú lọ, ó sì ń fò ga ju ìjì tí Global Hawk gbọdọ̀ yà fún. Ilé aṣòfin kọ̀. Ní 2014 ológun yí ohùn padà, wọ́n ní U-2 ni kí ó lọ. Òun náà kò lọ. Àtúnṣe tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn èyí ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ: ní 2016 wọ́n rọ irin kan sábẹ́ ikùn Global Hawk kí ó baà lè gbé kámẹ́rà U-2. Wọ́n bá ọmọ yá ojú bàbá rẹ̀ lò.

Nàìjíríà náà rí òjìji àṣá yìí. Lẹ́yìn tí Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Amẹ́ríkà rán Global Hawk wá sí ojú ọ̀run wa nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà rẹ̀ lè wo ilẹ̀ tí ó fẹ̀ bí ìpínlẹ̀ kan láàrin ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ewé igbó Sambisa, ibi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí, ni ó ń rí, kì í ṣe abẹ́ ewé. Àwọn 57 ti sá mọ́ wọn lọ́wọ́ fúnra wọn. Nígbà tí àwọn 21 jáde ní 2016 tí àwọn 82 sì tẹ̀ lé wọn ní 2017, ìjíròrò pẹ̀lú àwọn ajínigbé ni ó tú wọn sílẹ̀.

Jámánì náà ra tiwọn, wọ́n pè é ní Euro Hawk. A máa ń sọ pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ í fò láì fara kanra. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú ní Yúróòpù kò gbà: wọ́n ní báwo ni bàálù tí kò ní ẹnì kankan tí ń wo iwájú yóò ṣe yà fún bàálù èrò? Owó tí wọn yóò fi tún un ṣe láti dáhùn ìbéèrè yẹn pọ̀ débi pé wọ́n fagi lé e ní 2013, lẹ́yìn tí ó ti jẹ ju mílíọ̀nù 500 owó yúrò lọ. Japan, Gúúsù Korea àti NATO gba tiwọn. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà náà ṣe Triton láti ara Global Hawk, tí ìyẹ́ rẹ̀ le sí i tí yìnyín kì í sì í lẹ̀ mọ́, kí ó baà lè sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ìkùukùu lọ wo ọkọ̀ ojú omi.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2019, Iran fi mísáìlì já Global Hawk kan tí ó jẹ́ ti ọmọ ogun ojú omi náà bọ́ nítòsí omi Hormuz. Iran ní orí ilẹ̀ àwọn ni ó wà, Amẹ́ríkà ní lókè òkun gbogbo ayé ni. Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ̀san, ó sì dá àṣẹ náà dúró kí ìbọn tó dún. Kò sí Powers kankan láti fi han aráyé lọ́tẹ̀ yìí. Àfọ́kù irin ni Iran kó jáde.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ológun òfuurufú ní ti fẹ̀yìn tì. Díẹ̀ nínú wọn wà ní Grand Forks, ní ìpínlẹ̀ North Dakota, níbi tí wọ́n ti ń tú ohun èlò amí kúrò lára wọn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ mìíràn dípò, kí wọ́n lè máa rá bàbà lójú òkun nígbà tí Amẹ́ríkà bá ń dán mísáìlì rẹ̀ tí ó yára jù wò, láti gbọ́ ohun tí mísáìlì náà ń sọ bí ó ti ń sáré kọjá.