Rikidozan: Ọmọ Kòríà Tí Jàpáànù Fi Ṣe Akọni

Ní alẹ́ ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 1954, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn dúró ní gbangba níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Shimbashi ní ìlú Tokyo, wọ́n na ọrùn bí ẹni ń wo egúngún alárìnjó. Ohun tí wọ́n ń wò kò ju àpótí kékeré kan lọ. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni, tí ilé-iṣẹ́ NTV gbé sí ibi gíga kí ará ìlú tí kò lówó àtira tirẹ̀ lè rí nǹkan wò. Nínú àpótí náà, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò dúdú tó fún mọ́ ọn lára ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá òyìnbó gìrìpá kan láyà, òyìnbó náà sì ń fẹ̀yìn rìn. Igbe ayọ̀ sọ. Ogun ti fọ́ orílẹ̀-èdè àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọdún 1945, ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì jókòó lé wọn lórí títí di oṣù Kẹrin ọdún 1952. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, wọ́n fojú ara wọn rí ọmọ Jàpáànù tó ń na ọmọ Amẹ́ríkà.

Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ Jàpáànù. Àwọn òyìnbó méjì tó ń nà, Ben àti Mike Sharpe, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ìlú Hamilton ní orílẹ̀-èdè Kánádà ni wọ́n. Ìjàkadì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ti àfihàn, irú èyí tí àwọn tó ń jà á ti jọ fẹnu kò lórí bí yóò ṣe parí kí agogo tó lù. Nínú gbogbo ohun tí ogunlọ́gọ̀ náà gbà pé àwọn ń wò, omijé ojú wọn nìkan ni kò ní àbùlà.

Orúkọ tí gbogbo ayé mọ ọkùnrin náà sí ni Rikidozan. Kim Sin-rak ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ọdún 1924 ní ìgbèríko Hamgyong Gúúsù, tó wà lábẹ́ Àríwá Kòríà lónìí. Nígbà yẹn, ọdún 14 ti kọjá tí Jàpáànù ti gba Kòríà, tí ó sọ ọ́ di ilẹ̀ àmúsìn. Ní ilẹ̀ náà, ìjàkadì kan wà tí wọ́n ń pè ní ssireum. Lórí yanrìn ni wọ́n ti ń jà á. Àwọn méjì yóò di ọ̀já tó wà ní ìbàdí àti itan ara wọn mú, ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ láti orúnkún lọ sókè ti ṣubú. Ẹni tó bá ti wo ìjà gídígbò ní ìlú wa rí yóò lóye rẹ̀ kíá. Ẹ̀gbọ́n Kim mọ̀ ọ́n jà, òun náà kò sì kẹ́yìn. Níbi irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni ará Jàpáànù kan, Momota Minosuke, ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1940, ó ti dé Tokyo, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ sumo tí wọ́n ń pè ní Nishonoseki. Kò tíì pé ọmọ ọdún 16.

Ọdún 1940 yẹn kan náà ni ìjọba Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ti àwọn ará Kòríà láti gba orúkọ Jàpáànù. Àwa tó jẹ́ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, a lè gbìyànjú láti fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: kí ìjọba ránṣẹ́ sí bàbá ilé pé orúkọ ìdílé rẹ̀ kò dára tó. Orúkọ tuntun tí Kim gbà ní ilé sumo, Rikidozan, jẹ́ orúkọ ìjà, gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló sì ní irú rẹ̀. Ìyẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó tẹ̀lé e. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ipò àwọn oníjà sí, wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọmọ Kòríà ni. Nígbà tó yá, ìwé kan náà ń sọ pé ará Omura ní ẹkùn Nagasaki ni, ìyẹn ìlú Momota. Àkọsílẹ̀ ìjọba náà sì gbà á sí ìdílé Momota, orúkọ rẹ̀ sì di Momota Mitsuhiro. Láti ìgbà náà lọ, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ bíbí Omura ni.

Ó gòkè kíákíá. Ní ọdún 1946 ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ga jù lọ nínú sumo. Ní 1949 ó di sekiwake, ipò kẹta láti òkè. Àìsàn wá dá sí i ní ọdún náà, nítorí kòkòrò kan tí ènìyàn máa ń kó láti ara alákàn tí kò jinná wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di gbángba ọ̀pá. Ní ọdún 1950, ó mú ọ̀bẹ ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òṣùṣù irun orí rẹ̀. Ọ̀ràn ńlá lèyí. Nígbà tí oníjà sumo bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ayẹyẹ ni wọ́n máa ń ṣe. Àwọn ènìyàn pàtàkì yóò máa gé irun náà díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò sì gé èyí tó kù. Ẹni tó dá gé tirẹ̀ nínú ilé ti fi ìbínú jáde. Àwọn kan sọ pé ìjà owó ló wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó rí i pé wọn kò ní jẹ́ kí ọmọ Kòríà gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Ẹni tí wọ́n kà sí àjèjì ni wọ́n sábà máa ń sọ fún pé kò sówó.

Ó lọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ kan, Nitta Shinsaku. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà kan, tí Bobby Bruns ṣáájú wọn, dé Jàpáànù ní ọdún 1951 láti dá àwọn ọmọ ogun lára yá àti láti kó owó àánú jọ. Rikidozan bá wọn ṣe ìgbáradì fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ó bá Bruns jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ta ọ̀mì. Sumo kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ bí èémí ọkùnrin náà yóò ti rí nígbà tí agogo lù. Ní oṣù Kejì ọdún 1952, ó kọjá sí Hawaii, níbi tí Oki Shikina ti fi ìdánrawò nà án bí ẹni nà ẹran, lẹ́yìn náà ó wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an.

Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ju bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ipò ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fi oníjàkadì tó bá ní ojú ará Jàpáànù sí: òun ni yóò da iyọ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀ lójú, òun ni yóò lu ènìyàn láti ẹ̀yìn, kí àwọn òǹwòran lè rí ẹni tí wọn yóò kórìíra. Rikidozan wo eré náà dáadáa, ó sì yí i padà bí ẹni yí aṣọ sódì. Nígbà tó padà dé ní 1953, ó dá ẹgbẹ́ ìjàkadì ti Jàpáànù sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Nitta àti àwọn ọlọ́wọ́ mìíràn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, òyìnbó ni ọ̀dàlẹ̀. Òyìnbó yóò ṣe màgòmágó, Rikidozan yóò mú un mọ́ra, yóò tún mú un mọ́ra, títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò sì gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè.

Orí ló bá a ṣe é pé ọdún 1953 yẹn náà ni amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù: NHK ní oṣù Kejì, NTV ti aládàáni ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tó dá NTV sílẹ̀, Shoriki Matsutaro, tó ni ìwé ìròyìn Yomiuri, mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wọ́n jù fún mẹ̀kúnnù, ó sì mọ̀ pé olówó ìpolówó ọjà kò ní náwó níbi tí kò sí èrò. Ó kó ẹ̀rọ sí ojú títì. Àwa náà mọ irú rẹ̀: nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ilé ẹni tó bá ní ẹ̀rọ di ilé gbogbo àdúgbò. Bọ́ọ̀lù orí pápá tóbi jù fún àwòrán bàìbàì ìgbà náà. Àwọn géńdé méjì nínú agbo kékeré tí iná tàn sí bá a mu gẹ́lẹ́. Ta ló gbé èkejì rẹ̀ ga nínú Rikidozan àti ẹ̀rọ náà? Ó ṣòro láti yà wọ́n.

Ẹni tó jọ bá àwọn Sharpe jà lálẹ́ ọjọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Kimura Masahiko. Kimura kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Nínú judo, kò sí ẹni tó dájú pé òun lè dá a dúró; ní oṣù Kẹwàá ọdún 1951 ó lọ sí Brazil, ó sì ṣẹ́gun Helio Gracie níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré tuntun yìí, òun ni wọ́n máa ń ní kí ó jẹ ìyà, kí Rikidozan wá gbà á sílẹ̀. Ó sú u. Ó sọ fún oníròyìn pé bí ó bá di ìjà tòótọ́, Rikidozan kò lè borí òun. Wọ́n dá ọjọ́ fún wọn: 22 oṣù Kejìlá, 1954, fún oyè akọni Jàpáànù. Ohun tí Kimura sọ títí ó fi kú ni pé àwọn ti jọ ṣàdéhùn ọ̀mì. Ohun tí òǹwòran rí ni pé láàárín ìjà, Rikidozan yí padà lójijì, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lu ọkùnrin náà títí ó fi sùn sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá gba ti Kimura gbọ́, ọ̀dàlẹ̀ ni akọni náà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo gbà á gbọ́, nítorí kò sí àdéhùn eré tó ń parí báyẹn. Ẹni tó ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè dé ibi tó dé kò ní jẹ́ kí àdéhùn kan dá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún bá a du ipò. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1957, ó bá Lou Thesz, akọni àgbáyé, jà fún odindi wákàtí kan ní Tokyo, wọ́n ta ọ̀mì. Nínú ọgọ́rùn-ún ilé tó ní amóhùnmáwòrán, 87 ni wọ́n kà pé ó ń wò ó. Ní 1958 ó borí Thesz ní Los Angeles. Ó kọ́ ilé ńlá, ó ra ọkọ̀ olówó ńlá. Ní 1960 ó gba ọmọ iṣẹ́ méjì tí yóò jogún iṣẹ́ rẹ̀: Baba tó ga bí ọ̀pẹ, àti Inoki tó rí ní Brazil, ní ibi tí ìdílé ọmọ náà ṣí lọ.

Ọmọ iṣẹ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń mú mi ronú jù. Kim Il ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kòríà tó yọ́ wọ Jàpáànù láìní ìwé àṣẹ nítorí pé ó ti gbọ́ òkìkí Rikidozan. Wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé. Rikidozan ló dúró fún un tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ó sì gbà á sọ́dọ̀. Kí ló wá ṣe fún ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ yìí? Ó fún un ní orúkọ Jàpáànù: Oki Kintaro.

Àwọn oníròyìn kan mọ̀. Kò lè ṣe kí wọn má mọ̀. Ìwé ipò sumo àtijọ́ kò sọ nù. Ní oṣù Kìíní ọdún 1963, ó rìnrìn àjò lọ sí Gúúsù Kòríà, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sá gbogbo ipá rẹ̀ kí ìròyìn náà má bàa tàn ká Jàpáànù. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìbẹ̀rù tàbí owó. Nígbà mìíràn, olóòtú mọ̀ pé òǹkàwé kò fẹ́ kí wọ́n gba nǹkan náà lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin oníboju tí wọ́n ń pè ní The Destroyer gba òǹwòran 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù méje kò pé lẹ́yìn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ní ilé fàájì kan ní Akasaka, Tokyo, ọ̀rọ̀ ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ jàǹdùkú yakuza, ọmọ náà sì fi ọ̀bẹ gún un nínú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọjọ́ 15, ó kú. Ọmọ ọdún 39 ni.

Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìbí rẹ̀ tó di ohun tí ará Jàpáànù lásán mọ̀. Ní Àríwá Kòríà, kò sí ìkọ̀kọ̀ kankan níbẹ̀. Akọni tiwọn ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, Inoki kó àwọn oníjàkadì Jàpáànù àti Amẹ́ríkà lọ sí Pyongyang, ó sì bá Ric Flair jà níwájú èrò rẹpẹtẹ ní pápá ìṣeré May Day. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀gá rẹ̀ ti wá ni, ilẹ̀ tí ọ̀gá náà kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ní gbangba ní Tokyo.