Irúgbìn Tí Wọ́n Gbìn ní Leipzig: Ìtàn Sẹ́mínà àti Iṣẹ́ Ìwádìí Ọmọ Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń múra fún iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló ka iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá sí owó ibodè, ohun tí a kàn gbọ́dọ̀ san kí a tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ́, tí àwọn mìíràn sì ń da iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wọn kọ. Àwọn olóòótọ́ pàápàá ń béèrè pé kí ni sẹ́mínà ní í ṣe pẹ̀lú agbára Ẹ̀mí Mímọ́. Èrò wọn ni pé ayé ló dá àṣà yìí sílẹ̀, tí ìjọ kàn yá a lò. Ìtàn sọ ohun mìíràn.

Ní ọdún 1686, ní yunifásítì ìlú Leipzig ní Jámánì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n ti gboyè Másítà kó ara wọn jọ. August Hermann Francke àti Paul Anton ló ṣáájú wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ni Collegium Philobiblicum, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ Bíbélì. Nígbà náà, àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló gba àkókò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù. Olùkọ́ á máa kà, ọmọ ẹ̀kọ́ á máa kọ ọ́ sílẹ̀, àyẹ̀wò Bíbélì fúnra rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹgbẹ́ yìí a máa pàdé: ẹnì kan á mú ibì kan wá láti inú Májẹ̀mú Láéláé ní èdè Hébérù, ẹlòmíràn á mú ti Májẹ̀mú Titun wá ní èdè Gíríìkì. Ẹni tó múra sílẹ̀ á ṣàlàyé, àwọn yòókù á bi í léèrè, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì fi tiwọn kún un. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí à ń pè ní sẹ́mínà lónìí kò jìnnà sí èyí.

Philipp Jakob Spener, tó kọ Pia Desideria ní 1675 láti pe ìjọ Luther sí àtúnṣe, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ibi kúkúrú, kí wọ́n sì máa wádìí ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ìgbé ayé wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1687, Francke wà ní Lüneburg, ó ń múra ìwàásù lórí Jòhánù 20:31. Bí ó ti ń yẹ ẹsẹ náà wò, ó rí i pé ìgbàgbọ́ tí òun fẹ́ wàásù rẹ̀ kò sí lọ́kàn òun. Ó kúnlẹ̀, ó ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run sì dá a lóhùn. Ẹnu iṣẹ́ àyẹ̀wò Ìwé Mímọ́ ni Olúwa ti bá a pàdé.

Nígbà tí ó padà sí Leipzig ní 1689, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ń wọ́ wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀. Inú àwọn àgbà olùkọ́ kò dùn. Wọ́n ń fi orúkọ náà, Pietist, ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ní 1690 wọ́n sì fòfin de irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Francke lọ sí Erfurt, wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ní 1691. Ìlú Halle ló gbà á, níbi tí wọ́n ti ń dá yunifásítì tuntun sílẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ni, tó ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn, tó sì dá ilé àwọn ọmọ òrukàn sílẹ̀. Ó tún ní ibi tí ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti di olùkọ́, ó sì pè é ní seminarium. Ọ̀rọ̀ Látìn yìí túmọ̀ sí ibi tí àgbẹ̀ ń da irúgbìn sí kí ó tó ṣí i lọ sínú oko. Inú rẹ̀ ni orúkọ sẹ́mínárì wa àti orúkọ sẹ́mínà ti jáde.

A kò lè sọ pé Leipzig nìkan ni orírun àṣà yìí, nítorí àwọn yunifásítì àtijọ́ ti ní ìjiyàn gbangba tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí orúkọ náà gbà hàn kedere. J. M. Gesner dá sẹ́mínà ìmọ̀ èdè àtijọ́ sílẹ̀ ní Göttingen ní nǹkan bí ọdún 1738. Ní 1787, F. A. Wolf dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Halle kan náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ ya á kúrò lára ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Yunifásítì Berlin bẹ̀rẹ̀ ní 1810. Leopold von Ranke, tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run rí ní Leipzig, dé ibẹ̀ ní 1825. Ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ sílé rẹ̀, oníkálùkù ń mú iṣẹ́ tó ṣe láti inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Yunifásítì Johns Hopkins gbé ìlànà náà dúró ní Amẹ́ríkà láti 1876.

Bí ó ti ń rìnrìn àjò, ó sọ nǹkan kan nù. Francke so àkọsílẹ̀ àti àdúrà pọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e di àkọsílẹ̀ mú, wọ́n fi àdúrà sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ewu tiwa ni pé kí a di àdúrà mú, kí a fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo ìsọjí tí Olúwa lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù lórí ìjọ Aládùúrà ni èyí tí J. D. Y. Peel tẹ̀ jáde ní 1968, lórí Christ Apostolic Church àti Kérúbù àti Séráfù. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Inú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé náà ti jáde. Àlejò wá, ó jókòó ti àwọn baba wa, ó béèrè, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó fojú rí ọdún 1930 ti lọ, àwọn ọmọ wọn sì ti darúgbó. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ púpọ̀ ń bẹ nínú àpótí, ikán ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí tí a fowó rà kò lè gba ọ̀kankan nínú wọn là.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti gba òróró, ẹ mú ìbéèrè kan tó kéré: ìjọ kan, ọdún díẹ̀, ẹsẹ Bíbélì kan. Ẹ lọ sí orísun rẹ̀ fúnra yín, bí àwọn ará Bèréà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:11. Ẹ gbé ohun tí ẹ rí wá síwájú àwọn ará kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí Pọ́ọ̀lù kò dá wòlíì pàápàá sí kúrò lábẹ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kìíní 14:29. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ṣe alábòójútó, ẹ ka iṣẹ́ wọn tinútinú, kí ẹ sì gbàdúrà pẹ̀lú wọn kí sẹ́mínà tó bẹ̀rẹ̀.