Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀ ní Yúróòpù: Ìdí tí Òfin Rẹ̀ Fi Ń Yí Padà

Owó ìrànwọ́ àgbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sọ́búsídì, ni owó tí ìjọba ń san kí iṣẹ́ oko má baà dẹnu kọlẹ̀. Ní Yúróòpù, àjọ EU ló ń san án lábẹ́ ètò kan tó ń jẹ́ CAP, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó EU ló ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ owó náà kì í ṣe ọ̀fẹ́: àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú ilẹ̀, omi àti ẹran ọ̀sìn kó tó lè gbà á pé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹ̀rù ebi ṣì ń ba ará ìlú. Ìjọba wá ń fi owó gbé iye irè oko ró: ẹni tó bá kórè jù ló ń jèrè jù. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, bọ́tà àti wàrà ti pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà lọ. Lọ́dún 1984, wọ́n fi ìwọ̀n sí wàrà tí àgbẹ̀ lè tà láìsan ìtanràn.

Bí òfin àyíká ṣe wọ̀ ọ́

1992: Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lórí iye ilẹ̀ àti ẹran tí àgbẹ̀ ní.

2003: Wọ́n so owó mọ́ òfin àyíká. Ẹni tó bá ba omi jẹ́ tàbí tó fìyà jẹ ẹran, wọ́n á yọ nínú owó rẹ̀.

2013: Àtúnṣe tuntun ya ìdá 30 nínú 100 owó tí àgbẹ̀ ń gbà tààrà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àyíká, bíi gbígbin oríṣiríṣi irúgbìn.

2023: Wọ́n ní kí àwọn oko ńlá fi ìdá 4 nínú 100 ilẹ̀ ọ̀gbìn sílẹ̀ láìdáko, kí ẹyẹ àti kòkòrò lè ríbi gbé.

Ibi tí ìjà ti dé

Nítorí ogun Ukraine, EU gba àwọn ìjọba láyè láti dá òfin ìdá 4 yìí dúró ní 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àgbẹ̀ fi katakata dí ọ̀nà ní Jámánì, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m. Ohun tó ń dùn wọ́n ò pa pọ̀: ní Jámánì, ẹ̀dínwó owó orí dísù tí ìjọba fẹ́ fagi lé ló bí wọn nínú, níbòmíì, ọjà olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè àti ìwé kíkọ tó pọ̀ jù ni. Lọ́dún yẹn kan náà, EU fagi lé òfin ìdá 4, wọ́n sì ní àwọn ò ní fìyà jẹ oko tí kò ju hẹ́kítà 10 lọ. Inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dùn. Àwọn tó ń jà fún àyíká ní ilẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Àmọ́ igi kì í dàgbà lọ́jọ́ kan: àgbẹ̀ tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ lónìí nítorí òfin fẹ́ mọ̀ bóyá òfin náà á ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ibi tó kan àgbẹ̀ kòkó wa

Lọ́dún 2023, EU tún ṣòfin pé kòkó láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ òfin ṣì wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ Yúróòpù ń gba owó CAP bó ṣe ń pa òfin tiẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun kò sí nínú CAP. Ó yẹ kó mọ ààlà oko rẹ̀, kó bi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti ya máàpù oko náà, kó sì gba ẹ̀dà kan pa mọ́.