Ààlà ìṣí fáàfù

Ààlà ìṣí fáàfù ni ibi tí fáàfù ẹ́ńjìnnì lè ṣí dé láìjẹ́ pé ẹ̀yà kan kọlu òmíràn. Fáàfù ni ó ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ àti epo láti wọ inú sìlíńdà, òun náà ni ó sì ń ṣí ọ̀nà fún èéfín láti jáde. Inú orí sìlíńdà, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Nàìjíríà ń pè ní tọ́ọ̀pù, ni àwọn fáàfù wà. Orí sìlíńdà tí ó ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é máa ń ní àyè tí ó tó fún kámúṣáfùtù tí ó bá ẹ́ńjìnnì náà wá. Bí wọ́n bá fi kámúṣáfùtù mìíràn tí ó ń ṣí fáàfù jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ààlà náà. Ààlà yìí kì í ṣe iye kan ṣoṣo. Àyè mẹ́rin ni ó yẹ kí wọ́n wọ̀n, èyí tí ó bá sì kéré jù nínú wọn ni ààlà tòótọ́.

Ìṣírò ìṣí fáàfù

Kámúṣáfùtù jẹ́ ọ̀pá tí ó ní àwọn ìwú lára. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kámúṣáfùtù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ìwú yìí a máa ti tápẹ́ẹ̀tì sókè, tápẹ́ẹ̀tì a ti ọ̀pá gígùn kan, ọ̀pá náà a sì ti apá kan rọ́kà. Apá kejì rọ́kà ni ó ń tẹ fáàfù wálẹ̀. Nítorí pé apá kejì yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, rọ́kà ń sọ ìrìn náà di púpọ̀. Gíga ìwú, ní ìlọ́po ìpín rọ́kà, ni ìṣí fáàfù. Bí gíga ìwú bá jẹ́ 0.320 ínǹṣì, tí ìpín rọ́kà sì jẹ́ 1.5, fáàfù yóò ṣí ní 0.480 ínǹṣì, ìyẹn mìlímítà 12.19. Rọ́kà tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 1.6 yóò sọ ọ́ di 0.512 láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ kámúṣáfùtù rárá.

Àwo orí sípíríǹgì àti síìlì

Sípíríǹgì ni ó ń dá fáàfù padà sí ìjókòó rẹ̀. Àwo kékeré kan wà lórí sípíríǹgì, ìdè méjì ni ó sì so ó mọ́ ọ̀pá fáàfù. Bí fáàfù bá ti ń ṣí, àwo yìí ń bá a sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń súnmọ́ síìlì tí ó wà lórí gáìdì, ìyẹn ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà kọjá. Lára ọ̀pọ̀ orí sìlíńdà tí wọn kò tíì tún ṣe, ibí yìí ni àyè ti kọ́kọ́ máa ń tán.

Láti wọ̀n ọ́n, wọ́n máa ń yọ sípíríǹgì gidi, wọn a fi èyí tí ó rọ̀ rọ́pò rẹ̀, wọn a sì dá àwo àti ìdè padà. Wọn a gbé díálì géèjì lé orí ọ̀pá fáàfù, wọn a fi sí òdo nígbà tí fáàfù bá jókòó, wọn a wá tẹ fáàfù wálẹ̀ títí àwo yóò fi kan síìlì. Nínú iye tí géèjì bá fi hàn, wọn a yọ ó kéré tán 0.050 ínǹṣì, tàbí mìlímítà 1.27, sílẹ̀ fún ààbò. Bí géèjì bá fi 0.520 hàn, ìṣí fáàfù kò gbọdọ̀ ju 0.470 lọ.

Fífún sípíríǹgì pọ̀

Bí fáàfù bá ṣí jù, àwọn ìyípo sípíríǹgì yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn, sípíríǹgì yóò sì dà bí irin kan ṣoṣo tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń wọn gíga sípíríǹgì nígbà tí fáàfù jókòó, wọn a sì yọ gíga rẹ̀ nígbà tí ó fún pọ̀ pátápátá kúrò nínú rẹ̀. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1.700 ínǹṣì, tí ìkejì sì jẹ́ 1.150, ìyókù jẹ́ 0.550. Bí wọ́n bá yọ 0.060 fún ààbò, ó ku 0.490. Wọ́ṣà tí wọ́n bá fi sí abẹ́ sípíríǹgì láti mú kí ó le sí i yóò dín iye yìí kù.

Fáàfù àti písítọ̀n

Ìgbà tí fáàfù ṣí jù lọ kọ́ ni ó súnmọ́ písítọ̀n jù lọ. Nígbà tí fáàfù bá ṣí tán, písítọ̀n ti jìnnà sísàlẹ̀. Ìgbà tí písítọ̀n wà nítòsí òkè pátápátá, tí fáàfù èéfín ń padé lọ tí fáàfù afẹ́fẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ni ewu wà. Nítorí náà, kámúṣáfùtù méjì tí ìṣí wọn dọ́gba lè yàtọ̀ pátápátá níbí, bí àkókò tí wọ́n ń ṣí fáàfù bá yàtọ̀.

Wọ́n máa ń fi amọ̀ rírọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, lé orí písítọ̀n. Wọn a de orí sìlíńdà pẹ̀lú gáásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn a fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo méjì, wọn a tú u, wọn a sì wọn ibi tí amọ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni 0.080 ínǹṣì fún fáàfù afẹ́fẹ́ àti 0.100 fún fáàfù èéfín. Tápẹ́ẹ̀tì tí ó ń lo ọ́ìlì lè rì nígbà àyẹ̀wò yìí kí ó sì fi irọ́ hàn, nítorí náà tápẹ́ẹ̀tì líle ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti fá ojú orí sìlíńdà rí, bóyá nítorí pé ẹ́ńjìnnì gbóná jù, fáàfù ti súnmọ́ písítọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Rọ́kà

Àyẹ̀wò kẹrin ni ti rọ́kà. Ihò gbọọrọ tí ó wà lára rọ́kà onírin títẹ̀ kò gbọdọ̀ kan bóòtù tí ó gbé e dúró, abẹ́ rọ́kà kò sì gbọdọ̀ kan àwo orí sípíríǹgì.

Àpẹẹrẹ: orí sìlíńdà Vortec

Orí sìlíńdà Vortec ti ẹ́ńjìnnì L31, oní-lítà 5.7, tí General Motors ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ ẹrù Chevrolet àti GMC ti ọdún 1996, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀. Àwọn tí ó ń tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ dáadáa. Kámúṣáfùtù tí ó bá a wá ń ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 0.414 ínǹṣì àti fáàfù èéfín ní 0.428. Ààlà tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un jẹ́ nǹkan bí 0.460 sí 0.470, àwo orí sípíríǹgì àti síìlì ni ó sì fa èyí. Bí wọ́n bá fi rọ́kà 1.6 rọ́pò 1.5, fáàfù èéfín yóò dé nǹkan bí 0.456, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà. Kámúṣáfùtù tí ó ń ṣí fáàfù ní 0.480 ti kọjá rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ńṣe ni wọ́n kàn ti àwọn bóòtù rọ́kà rẹ̀ wọlé, wọn kò ní ẹsẹ̀ ìdè. Sípíríǹgì tí ó le jù lè fà wọ́n yọ.

Àbájáde àti àtúnṣe

Bí àwo bá ń lu síìlì, síìlì yóò fọ́, ọ́ìlì yóò sì máa jò sínú sìlíńdà. Bí ó bá ń lu gáìdì, àwọn ìdè lè tú, kí fáàfù já bọ́ sórí písítọ̀n. Sípíríǹgì tí ó fún pọ̀ lè tẹ ọ̀pá rọ́kà tàbí kí ó jẹ ìwú kámúṣáfùtù. Láti fi kún àyè, wọ́n lè gé orí gáìdì kúrú, wọ́n lè lo síìlì tí ó kéré, tàbí sípíríǹgì tí orí rẹ̀ tín-ín-rín pẹ̀lú àwo kékeré. Lẹ́yìn ìyípadà èyíkéyìí, iye tàtijọ́ kò wúlò mọ́. Nítorí pé orí sìlíńdà méjì láti ilé-iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, iye tí wọ́n bá wọ̀n lára èyí tí ó wà níwájú wọn ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èyí tí wọ́n kà nínú ìwé lọ.