Yìnyín Nínú Tẹlifíṣọ̀n l'Ágége

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o: géèmù ni mo gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọmọ mi ló gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, Ice Hockey tí iléeṣẹ́ Nintendo gbé jáde lọ́dún 1988. Góòlù 7 sí òdo ló fi nà mí.

Èèyàn 5 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà nínú wọn. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá nǹkan pẹlẹbẹ kan lórí yìnyín. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ óò yan irú ara tí ẹ fẹ́ fún àwọn 4 tó ń sáré. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yára bí àṣá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọlù ú, ó di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó sanra kì í yára, àmọ́ ta ni yóò bì í ṣubú? Ti àárín wà fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Gbogbo ọgbọ́n géèmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun náà ni kò sì jẹ́ kó sú èèyàn.

Mo ti rí i rí. Ní nǹkan bí 1996, ìsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa l'Ágége tí àwọn ọmọdé ti ń sanwó gbá a. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Ọba Akran àti Ògbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Famicom tí Nintendo ṣe ní Japan lọ́dún 1983 ni ojúlówó ẹ̀rọ rẹ̀. Ti ìsọ̀ yẹn, ayédèrú ni, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sì máa yangàn pé géèmù 9999 wà nínú òun, kó má ju mélòó kan lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ. Bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo góòlù ti wọmi nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè 6 ló wà nínú rẹ̀: Amẹ́ríkà, Kánádà, Sweden, Poland, Soviet àti Czechoslovakia. Soviet ti tú ká ní 1991, Czechoslovakia pín sí méjì ní Oṣù Kìíní 1993. L'Ágége, wọ́n ṣì ń bá ara wọn du Soviet.

Èdè wọn ló yẹ kó dá mi dúró. Yìnyín tí àwa mọ̀, òjò ló ń gbé e wá. Òun náà ni Bíbélì lò nínú ìyọnu Íjíbítì. Àwọn ọmọ yìí kò pè é bẹ́ẹ̀ rárá. Áìsì bọ́lọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja àti olómi tútù ń rà. Nǹkan pẹlẹbẹ yẹn ńkọ́? Ìdérí ni, bí ìdérí ìgò.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà lèdè? Lọ wá nǹkan gidi ṣe jàre." Ó lọ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Èmi kan náà tí mo ń kọ́ yín pé ẹnu ọmọdé ni èdè ti ń yí padà!

Lẹ́yìn tí ọmọ ọmọ mi nà mí tán, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Prof, ìwé tí mo kọ wọ́n sí ti sọnù nígbà tí a kó kúrò nílé." Àwa méjèèjì ronú ronú, ọ̀rọ̀ 9 péré la rántí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà l'Ágége, Ògbà, Ìjú tàbí Ìkẹjà láyé ìgbà náà, kí lẹ máa ń pe aṣọ́lé? Kí lẹ ń pe ẹni tó sanra yẹn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.