Kálámù Kékeré Inú Àpò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dákun, ẹ fi ọwọ́ kan àpò àyà yín. Ǹjẹ́ ohun ìkọ̀wé wà níbẹ̀? Bí ó bá wà, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe débẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àìsí rẹ̀ fi ojú mi rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ kí ìyá àgbà kan ní abúlé, àbúrò ìyá tí ó bí ìyá mi. Ọjọ́ Ajé ni, oòrùn ti ń rọlẹ̀, a sì jókòó sábẹ́ igi odán. Láìròtẹ́lẹ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé wa. Wọ́n dárúkọ àwọn baba ńlá tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Wọ́n sọ ibi tí a ti ṣí wá, wọ́n sì sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ ẹran kan báyìí. Mo fọwọ́ kan àpò: kò sí kálámù, kò sí pẹ́ńsùlù. Fóònù mi ti kú, nítorí pé iná kò sí láti ọjọ́ méjì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, n ó padà wá ní Sátidé. N ó mú ìwé dání." Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Sátidé wo? Ṣé èmi ni mo ni ọjọ́ ni?" Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ìyá ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, orúkọ mẹ́ta péré ni mo rántí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá ni mo ra kálámù kékeré kan tí kì í kúrò lápò mi. Kì í ṣe bírò. Ó jẹ́ irú èyí tí ó ń gbé tàdáwà tirẹ̀ sínú ikùn, tí a ń pè ní fáúntìn-pẹ́ẹ̀nì. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìtàn ìjà ni: ìjà tí ọmọ ènìyàn bá tàdáwà jà kí ó tó gbà láti bá wa rìn.

Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé ní láti jókòó ti ìgò tàdáwà. Ìyẹ́ ẹyẹ ni àwọn ará Yúróòpù ń gbẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n ń tì bọ inú ìgò. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe ẹnu kálámù, èyí tí à ń pè ní níìbù, wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n èyí pẹ̀lú, ìtìbọ̀ ni. A ó kọ ìlà kan tàbí méjì, tàdáwà a tán. A ó tún tì í bọ̀ ọ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé rántí tábìlì tí a lu ihò sí lójú, inú ihò náà ni ìgò tàdáwà ń jókòó sí.

Ẹ rántí Àjàyí Crowther. Ní 1841, ó bá ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ní 1842 ni a tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde pọ̀ mọ́ ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, J. F. Schön. Ní ayé ìgbà náà, arìnrìn-àjò tí yóò bá fi tàdáwà kọ̀wé gbọ́dọ̀ wá ibi tí ìgò rẹ̀ yóò gbé dúró kí ó má dànù. Ẹ wá rò ó wò: mélòó ni ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà rí lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ti gbàgbé kí wọ́n tó dé ìdí tábìlì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbìyànjú láti gbé tàdáwà sínú kálámù fúnra rẹ̀. Ní 1827, Petrache Poenaru, ọmọ Romania tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, gba ìwé àṣẹ ìjọba Faransé fún irú kálámù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí kò rọrùn. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ mú agolo mílíìkì, kí ẹ lu ihò kan ṣoṣo sí i. Bí ẹ bá dà á, yóò máa kán tó, tó, tó. Ẹ lu ihò kejì, ẹ ó sì rí i tí yóò máa ṣàn. Kí ni ó fà á? Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí mílíìkì tó lè jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kálámù. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé, tàdáwà a há. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé jù, tàdáwà a ya lu ìwé, a sì bà á jẹ́.

Lewis Waterman, tí ó ń ṣe iṣẹ́ abánigbófò ní New York, ni ó tún ọ̀nà yìí ṣe dé ibi tí ó fi wúlò. Ní 1884, ó gba ìwé àṣẹ fún ahọ́n kékeré kan tí ó wà lábẹ́ níìbù, tí a la ojú-ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára. Tàdáwà a máa tọ ojú-ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kẹrosíìnì ti í gun òwú fìtílà láìsí ẹni tí ń tì í. Afẹ́fẹ́ a sì máa gba ibẹ̀ wọlé láti dípò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kan tíṣà. George Parker ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ wáyà ní ìlú Janesville, ní Amẹ́ríkà. Ó ń ta kálámù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ láti fi kún owó oṣù, ṣùgbọ́n àwọn kálámù náà ń jò, òun náà ni ó sì ń tún wọn ṣe. Nígbà tí ó sú u, ó ṣe tirẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ ní 1889. Ohun tí ó ń bá jà ni ooru ara wa. Bí kálámù bá wà lápò, ooru ara a mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ náà a sì ti tàdáwà jáde.

Èmi náà mọ ooru yìí dáadáa. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ń kọ́ni, mo dorí kálámù olówó pọ́ọ́kú kan kodò sínú àpò ẹ̀wù funfun, mo sì wọ ọkọ̀ tí èrò kún. Bí mo ti dé iwájú kíláàsì, ọmọ kan ké pé, "Tíṣà! Àyà yín ń ṣẹ̀jẹ̀ bí aró!" Ẹ̀wù náà kò tún funfun mọ́ títí ó fi gbó.

Nítorí irú èyí ni a fi ṣe kálámù tí ẹnu rẹ̀ lè padà sínú ikùn, bí orí ìjàpá ti í wọ inú ìkarahun. A ó yí ìdí rẹ̀, níìbù a wọlé; a ó dé e pinpin, tàdáwà kò sì ní ibi tí yóò gbà jò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 dé 1918, àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú kòtò fẹ́ kọ̀wé sílé. Ilé-iṣẹ́ Parker ṣe kálámù tí ó gbé hóró tàdáwà gbígbẹ dání. Bí sọ́jà bá ti rí omi díẹ̀ po hóró náà, tàdáwà dé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí èyí tí ó kúrú. Ní Heidelberg, ní ilẹ̀ Jámánì, a dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1883. Orúkọ rẹ̀, Kaweco, wá láti inú orúkọ Koch àti Weber tí wọ́n ni ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n mú kálámù kúkúrú kan jáde fún ẹni tí kì í jókòó sójú kan, wọ́n sì pè é ní Sport. Èyí tí a ń tà lónìí gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 àti ààbọ̀ nígbà tí a bá dé e. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀ tí a sì kì í bọ ìdí, a gùn tó nǹkan bí 13, a sì bá ọwọ́ àgbàlagbà mu. Ìdérí yẹn ni ọgbọ́n wà. Nínú àpò, ilé ni. Lórí ìwé, ìrù ni. Ó tún ní igun mẹ́jọ, kí kálámù má baà yí ṣubú kúrò lórí tábìlì. Àwọn ará Japan náà gbọ́n irú ọgbọ́n yìí. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Platinum, Sailor àti Pilot ń ṣe kálámù kúkúrú tí ìdérí rẹ̀ gùn, tí ó bọ́ sínú àpò ẹ̀wù wẹ́kú.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, bírò ti dé. László Bíró, akọ̀ròyìn ọmọ Hungary, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1938. Ní 1950, Marcel Bich mú èyí tí kò wọ́n jáde ní ilẹ̀ Faransé. Tàdáwà bírò ki, kì í jò bọ̀rọ̀, tálákà sì lè rà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kálámù ni ó kógbá sílé, ti Heidelberg pẹ̀lú. Ní àárín àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni ilé-iṣẹ́ Gutberlet ní Nuremberg gba orúkọ Kaweco, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kálámù kúkúrú náà.

Ẹ ó bi mí pé, "Tíṣà, kí ló dé tí ẹ kò fi lo bírò?" Èmi kò bá bírò jà. Ṣùgbọ́n bírò fẹ́ kí a tẹ òun mọ́lẹ̀, fáúntìn-pẹ́ẹ̀nì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sì fi í ṣe àkọsílẹ̀ fún wákàtí kan, ọwọ́ kì í dùn mí. Lẹ́yìn èyí, bírò mi kì í pẹ́. "Tíṣà, ẹ yá mi," ó di gbére. Ohun tí a ń tọ́jú ni a kì í sọnù. Àbùkù tirẹ̀ náà wà: tàdáwà tí ikùn rẹ̀ ń gbà kò tó mílílítà kan, bí ìwé kò bá dára, tàdáwà a tàn ká, bí òjò bá sì pa ìwé náà, ọ̀rọ̀ lè parẹ́.

Ẹni tí yóò bá lò ó, kí ó gbọ́ ìkìlọ̀ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè nínú àpò. Ẹ dé e nígbà tí ẹ bá kọ̀wé tán, kí tàdáwà má baà gbẹ. Ẹ fi omi lásán tí kò gbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe rọ tàdáwà àwọn ayàwòrán sínú rẹ̀, nítorí a máa di ojú-ọ̀nà náà pa.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kálámù yìí kéré, ṣùgbọ́n ó ti bá mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan ìyá àgbà. Mo jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí orúkọ mẹ́rin mìíràn kó jọ lẹ́nu wọn. Ìyókù bá ìyá lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ àmúrelé yín nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ mú ohun ìkọ̀wé, ìbáà ṣe bírò, ìbáà ṣe pẹ́ńsùlù. Ẹ lọ jókòó ti àgbà kan nínú ilé, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àwọn baba ńlá wa fún mi." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń bọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ má ṣe dúró di Sátidé.

Ó dìgbà kan ná.