Nọ́ńbà Méjì: Ìtàn Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọmú ní Ìbàdàn, Bí Mo Ṣe Kà Á láti Kaboua

Ní 2008, Adebamowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ àbájáde àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú obìnrin 192 jáde. Ìdá 65 nínú 100 wọn ni jẹjẹrẹ rẹ̀ ní purotéènì tí ń gba estrogen, họ́mọ́ọ̀nù àwọn obìnrin. Ní 2009, Huo, Olopade àti àwọn mìíràn tẹ tiwọn jáde lórí obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Senegal: ìdá 24 péré. Kì í ṣe pé ara àwọn ìyá wa yí padà láàrin ọdún kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nọ́ńbà wọ̀nyí ní ìtàn, àti pé ó ṣeé ṣe kí apá kan ìtàn náà má sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, kó jẹ́ inú ike fọ́máàlìnì ló wà.

Jíìnì kan lè wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara kó sì dákẹ́. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni purotéènì rẹ̀ máa ń hàn. Ní 1896, oníṣègùn George Beatson ní Scotland ròyìn pé nígbà tí òun yọ ilé ẹyin àwọn obìnrin kan, jẹjẹrẹ ọmú wọn súnkì. Kò mọ ìdí rẹ̀. Elwood Jensen ní Chicago ló fi hàn, ní ìparí àwọn ọdún 1950, pé purotéènì kan wà tó ń di estrogen mú. Tamoxifen, oògùn oníhóró tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní àwọn ọdún 1970, máa ń jókòó sórí ìjókòó estrogen náà. Jẹjẹrẹ tí kò ní purotéènì yìí, tamoxifen kò ràn án. Èyí ló mú kí "a rí i" àti "a kò rí i" wúwo: obìnrin tó ní in, tí ìwé àyẹ̀wò sọ pé kò ní in, pàdánù oògùn tí owó rẹ̀ kéré sí ti ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ yòókù.

Ẹran ara tí wọ́n gé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Fọ́máàlìnì ló ń dá a dúró. Bó bá pẹ́ kó tó wọ inú rẹ̀, tàbí tí kò lo àkókò tó yẹ níbẹ̀, purotéènì lè má hàn mọ́ lábẹ́ máíkírósíkópù. Ní 2010, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ní kó wọ fọ́máàlìnì láàrin wákàtí kan, kó sì lo wákàtí 6 sí 72 nínú rẹ̀. Wọ́n kò ro tiwa mọ́ ọn. Bí wọ́n bá gé ẹran ní Sàbẹ́, tí ibi àyẹ̀wò sì jẹ́ Kútọ̀nú, ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà. Bí ó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, wákàtí 72 ti lọ nìyẹn. Àwa tí a ń ka ìwé àtijọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí: ìwé tí òjò pa kì í ṣe ìwé tí wọn kò kọ nǹkan sí.

N kò sọ pé fọ́máàlìnì nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Ní 2018, Pitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka jíìnì jẹjẹrẹ aláìsàn 194 láti Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n wé 1,037 nínú àkójọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní TCGA. Kódà nínú jẹjẹrẹ tó ń gba họ́mọ́ọ̀nù, wọ́n rí ìyípadà TP53, jíìnì tó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró, lọ́pọ̀lọpọ̀ lára àwọn ará Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ kan wà lóòótọ́. Ẹni tó bá gba ìdá 24 nìkan mú, tó sì pè é ní jẹjẹrẹ aláwọ̀ dúdú, ló yára jù lójú tèmi.

Nàìjíríà àti Senegal ni wọ́n kà. Orúkọ Benin kò sí nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ tiwa, mo fẹ́ kí wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n gé ẹran àti wákàtí tó wọ fọ́máàlìnì sára ike, kí wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà pa mọ́ pẹ̀lú àbájáde rẹ̀.